Ewúro àti Orógbó Nínú Ìkòkò Ọtí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Abiyamọ Mọ̀

Ní ibi ìkómọjáde kan ní ìlú Oǹdó, mo rí ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. A ti fi omi, iyọ̀, oyin, obì àti orógbó wúre fún ọmọ tuntun. Orúkọ ti jáde. Orin sì ti gba ẹnu àwọn ènìyàn. Ìyá ọmọ jókòó lórí ẹní, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá ọkọ rẹ̀ bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tútù sínú ife, ó gbé e fún un, ó ní, "Ìyàwó mi, gba èyí mu, kí omi ọyàn rẹ lè pọ̀." Ọmọbìnrin náà tẹríba, ó gba ife náà, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Lẹ́yìn náà ni ó wo ojú mi, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìmọ̀ ètò ilé nígbà kan. Ohun tí ojú rẹ̀ ń béèrè kò ṣòro láti mọ̀: ṣé oúnjẹ ni èyí, tàbí ọtí? Bí ó bá sì jẹ́ ọtí, báwo ni ọmọdé ṣe lè kọ ohun tí àgbà fi ìfẹ́ gbé lé e lọ́wọ́?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́bi kí n tó sọ ìwà rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n púpọ̀ ń bẹ nínú ìkòkò náà, ọgbọ́n àwọn obìnrin sì ni.

Obìnrin ni ń pọn ọtí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ní ń gun ọ̀pẹ dá ẹmu, obìnrin ní ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àgbàdo ni a fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n ni a fi ń ṣe àgàdàgídí, èyí tí kò ṣàjèjì ní agbègbè wa tí kòkó pọ̀ sí, nítorí pé abẹ́ ìbòòji àgbagbà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbin ọ̀dọ́ igi kòkó sí. Ọkà bàbà ni àwọn ará Òkè Ọya fi ń ṣe bùrùkùtù. Bí ẹ bá wo iṣẹ́ ọlọ́tí àgbàdo dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ìpọntí ńláńlá ń gbà ṣe bíà. Wọn a mú kí ọkà hù, wọn a sá a gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi omi gbígbóná yọ adùn rẹ̀, wọn a sè é. Lẹ́yìn náà, wọn a jẹ́ kí ó máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó hàn jù ni ohun kíkorò tí wọ́n ń sọ sínú bíà, èyí tí wọ́n ń pè ní hops.

Kí ni hops?

Hops jẹ́ irúgbìn tí ń fà gun ọ̀pá bí iṣu. Ó ní akọ, ó sì ní abo. Òdòdó abo ni àwọn apọntí ń lò. Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Oríṣiríṣi ewé ìgbẹ́ ni àwọn ará Yúróòpù ń fi sí ọtí wọn ṣáájú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, obìnrin kan tí ó jẹ́ olórí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Jámánì, Hildegard ti ìlú Bingen, kọ ọ́ sínú ìwé pé kíkorò hops kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Ní 1516, àwọn ìjòyè ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì ṣe òfin pé ọkà bárlè, hops àti omi nìkan ni kí a máa fi pọn bíà.

Iṣẹ́ méjì ni hops ń ṣe. Èkíní, bí ó bá hó lórí iná fún nǹkan bí wákàtí kan, kíkorò rẹ̀ a jáde, a bá adùn ọkà dọ́gba, a sì dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ọtí kan lọ́wọ́. Èkejì, òróró kan wà nínú rẹ̀ tí ń ta sánsán. Òróró yìí fúyẹ́, ooru a sì máa gbé e lọ. Nítorí náà, ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a pa iná ni a ń fi èyí tí a fẹ́ kí ó ta sánsán sí i. Òórùn àwọn oríṣi mìíràn dà bí ti èso. Cascade, tí wọ́n mú jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972, ń run bí ọsàn gẹ́rẹ́pù. Citra, tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ń run bí ọsàn àti mángòrò.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kò bá hops lára mu. Ó ń fẹ́ òtútù líle ní àkókò ìsinmi rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ojúmọmọ gígùn, bíi wákàtí 15 lóòjọ́, kí ó tó lè rú òdòdó dáadáa. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún, òtútù wa kò sì ju ti ọyẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó ní 1949, òkè òkun ni hops inú bíà wa ti ń wá.

Ewúro àti orógbó gba ipò hops

Ní 1988, òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka kíkó màáltì ọkà bárlè wọ ilẹ̀ wa léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ìpọntí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n ti mú òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn mọ́. Àwọn olùwádìí ní àwọn yunifásítì wa sì tẹra mọ́ ìbéèrè mìíràn: bí ọkà wa bá lè rọ́pò ọkà wọn, kí ni yóò rọ́pò hops? Wọ́n gbé ewúro wò, wọ́n gbé orógbó wò, wọ́n sì gbé ewé tí àwọn Ìgbò ń pè ní utazi wò. Wọ́n rí i pé ewúro àti orógbó lè fún bíà ní kíkorò, wọ́n sì lè dí díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń ba ọtí jẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò ní tó hops ni òórùn dídùn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, èyí kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn àgbà ti sọ pé adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro. Orógbó tí a fi ń wúre pé kí ọmọ gbó, òun náà ni ó lè mú kí ọtí pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ní ti òórùn, ṣé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni yóò ṣe aláìní in? Èèpo ọsàn, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbálùmọ̀ ní ìgbà ọyẹ́, ata ilẹ̀, ewé efinrin, àti ewé tíì tí àwọn mìíràn ń pè ní koóko ọba, gbogbo wọn wà ní àrọ́wọ́tó. Òfin tí ó de hops ni ó de àwọn náà: ohun kíkorò ni kí ó pẹ́ lórí iná, ohun olóòórùn dídùn ni kí ó kẹ́yìn wọ ìkòkò.

Ìkòkò kan, ohun mímu méjì

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni mo fẹ́ kọ yìí, nítorí pé láti inú ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ ó rí ohun mímu aláìlọ́tí fún abiyamọ àti ọmọdé, ẹ ó sì rí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kíkorò fún àwọn àgbà.

Ohun tí ẹ ó wá: àgbàdo gbígbẹ kílò 2, omi mímọ́, ewé ewúro 6, ìdajì orógbó kan, èèpo ọsàn 2, ibi tí ó ní àwọ̀ nìkan, kì í ṣe funfun inú rẹ̀, ata ilẹ̀ kékeré kan, ewé tíì ìdì kékeré kan, àti ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, ìdajì ṣíbí kékeré.

Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ àgbàdo náà wò dáadáa. Èyí tí ó bá ti bu kò dára, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó, nítorí pé májèlé kan tí ń jẹ́ aflatoxin a máa wà nínú ọkà tí ó bu; ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì lè pa á. Bákan náà, ẹ má ṣe lo àgbàdo ìgbìn tí a ti fi oògùn pa láró. Fún ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe fún ẹnu.

1. Ẹ ṣa àgbàdo, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan àbọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

2. Ẹ dà á sínú apẹ̀rẹ̀ mímọ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Láàárín ọjọ́ 4 sí 5, yóò hù. Bí èéhù rẹ̀ bá ti gùn tó hóró àgbàdo, ó tó.

3. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ bọ́ dànù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Kí ó má kúnná bí èlùbọ́.

4. Iṣẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Èròjà kan wà nínú ọkà híhù tí ń sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di adùn. Bí omi bá tutù, èròjà náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí omi bá ń hó, yóò kú. Nítorí náà, ẹ da omi híhó lítà 4 pọ̀ mọ́ omi tútù lítà 2 nínú ìkòkò, ẹ da àgbàdo lílọ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ dé e, kí ẹ sì fi aṣọ nínípọn wé ìkòkò náà fún wákàtí kan àbọ̀. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò nígbà tí ẹ bá ṣí i, yóò ti dùn.

5. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi gbígbóná lítà 2 ṣan pàǹtí rẹ̀, kí ẹ da omi náà mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ ka iná, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10.

6. Ẹ bu lítà 2 sọ́tọ̀ sínú ìkòkò mìíràn. Èyí ni ti abiyamọ àti ọmọ. Ẹ gún ata ilẹ̀, ẹ fi ìdajì rẹ̀, ìdajì ewé tíì àti ìdajì èèpo ọsàn sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mu ún tán, tàbí kí ẹ gbé e sínú fíríìjì tí iná kì í lọ lára rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì lórí tábìlì, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, a ó sì ti sọ ọ́ di ọtí láìmọ̀.

7. Ẹ fi ewé ewúro tí ẹ ti ṣan àti orógbó tí ẹ ti rin sínú èyí tí ó kù, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 40. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá korò jù, ẹ dín ewúro kù nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tí ó lè yọ ewúro kúrò nínú ọbẹ̀ tí ó ti korò. Ẹ pa iná, ẹ fi ata ilẹ̀, ewé tíì àti èèpo ọsàn tí ó ṣẹ́kù sí i, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15.

8. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ohun èlò tí ẹ ti fi omi híhó ṣan. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wọ́n ìwúkàrà sí i, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má ṣe dé e pa sínú ìgò: afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fọ́ ìgò, àfọ́kù ìgò sì lè fọ́ ojú. Kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ewúro ń ran ọtí lọ́wọ́ ni. Kò sọ ọ́ di ohun tí kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù; kò sí bí ọtí ṣe lè mọ́ tó kí ó má ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ẹni tí ń mọ ọmọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ife tí ó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọtí ni. Àgbàdo ni ó bí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń hó ni adùn rẹ̀ di ọtí, ọtí náà kò sì yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú bíà, àfi pé a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìgò bíà 60 cl tí a kọ 5% sí lára ní mílílítà 30 ọtí gidi nínú. Ta ni ó lè sọ iye tí ó wà nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àná àti èyí tí ó wà nínú ti ìjẹta? Bí ó ṣe ń pẹ́ ni ó ń le sí i.

Àwọn àgbà wa ní ìtàn kan nípa Ọbàtálá. Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ìtàn kò ní ẹ̀sìn. Wọ́n ní òun ni ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn. Ní ọjọ́ kan, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún òun àti àwọn olùsìn rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, ta ni ó tún ń mọ ọmọ bí kò ṣe aláboyún? Ohun tí ó bá mu ni ọmọ inú rẹ̀ ń bá a mu, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò sì tíì gbó tó láti fọ ọtí kúrò lára.

Ní 1973, àwọn oníṣègùn ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti mu ọtí lámujù nígbà oyún. Àwọn ọmọ náà kéré ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ojú wọn ní àmì tirẹ̀, ọpọlọ wọn kò sì dàgbà bí ó ti yẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún oyún. Nítorí náà, aláboyún kò gbọdọ̀ sọ pé ife kékeré kan ni.

Ní ti abiyamọ, ọtí a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú omi ọyàn. Ìgbàgbọ́ pé ọtí ń mú omi ọyàn pọ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn òyìnbó náà gbà á gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí dán an wò, wọ́n rí i pé díẹ̀ ni ọmọ ń rí fà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá mu ọtí. Ohun tí ń mú omi ọyàn wá ni kí ọmọ máa fa ọmú lóòrèkóòrè, kí ìyá máa jẹun dáadáa, kí ó máa mu omi, kí ó sì rí ìsinmi. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò ohun mìíràn ju omi ọyàn lọ, ìbáà jẹ́ ohun mímu aláìlọ́tí tí a ṣe lókè yìí. Ọmọ tí ó ti ń sáré káàkiri náà kò gbọdọ̀ tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wò, kí àlejò má baà fi í ṣe ẹ̀rín pé ó yó.

Ẹ ṣọ́ra fún ọtí tí ẹ kò mọ ẹni tí ó ṣe é

Ìkìlọ̀ kan kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a sì kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Ìgbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ni a mọ̀ pé methanol ni, májèlé tí ó wà nínú ọtí líle ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó bá a lọ.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo mímọ́ pọn kì í ṣe irú ọtí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán sísè ọtí di ògógóró wò nílé, ẹ má ṣe da ọtí líle tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ pọn, kí ẹ sì kọ̀ fún ọkọ yín láti ra á. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ṣókùnkùn lẹ́yìn tí ó mu ọtí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn ún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ ìpọntí di òwò, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn NAFDAC, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè ní orúkọ rere.

Ìdáhùn ìbéèrè kejì

Báwo ni ọmọbìnrin náà ṣe bọ́ nínú ọ̀ràn ife? Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a gba ti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá mu ni ọmọ yín yóò mu, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò sì tíì tó ọtí í mu." Ìyá náà wo ọmọ, ó wo ife, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òótọ́ ni o. Kí ni kí a wá fún un?" Ògì gbígbóná ni ó mu lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé ìyá náà bi mí ní ọ̀nà tí a ń gbà bu apá kan sọ́tọ̀. Lónìí, bí ó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ayẹyẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ bu ti àwọn abiyamọ kí ewúro tó wọ ìkòkò. Ẹ kò rí i pé àgbà kì í kọ ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìtẹríba sọ? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé yín, ẹ má ṣe ju ìkòkò ìyá yín nù. Ẹ kọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀, ẹ fi ìmọ̀ tiyín kún un, kí ẹ sì mọ ẹni tí ife kọ̀ọ̀kan tọ́ sí. Àwọn ọmọ yín yóò gbó bí orógbó, adùn ni yóò sì gbẹ̀yìn ewúro gbogbo wa.